Àwọn Tí Mo Lé Jáde Nítorí Ẹ Káàárọ̀

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún kí ọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́, kú ìrọ́jú, kú ariwo ìlú ńlá. Ṣé dáadáa ni o jí? Ṣé ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú lọ́jọ́sí ti lọ? Ṣé onílé rẹ ti bá ọ tún páìpù tó ń jò sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ ṣe? Ọlọ́run tó dá ọ sí kò ní jẹ́ kí omi bá ọ lójú oorun. Gbogbo ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò gbà ọ́, ọ̀gá rẹ kò sì ní rí ọ fín. Àwa náà wà ńbí, ara wa le, ọpẹ́ ni.

Kí n tó sọ ohun tó mú mi gbé bírò, jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì rèé tí mo ti di ìyàwó, ọmọ mi, mo ṣì ń dá rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ bí ọmọdé tí wọ́n ra bàtà tuntun fún. Èmi, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta! Ọkọ mi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Aláago, nítorí pé aago ló ń tún ṣe ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí tèmi, kò yí padà rárá, àfi pé nísinsìnyí bó bá ti rí i pé mo dìde lẹ́nu iṣẹ́ báyìí, ó ti sọdá títì nìyẹn láìwo ọ̀tún wo òsì. Òun ló ń po tíì fún mi láràárọ̀. Èmi tí mo ti ń dá tíì ara mi pò láti ọdún mọ́kànlá tí bàbá rẹ ti fi wá sílẹ̀! Mo gbìyànjú láti máa pè é ní “wọ́n” níwájú àwọn èèyàn, ó ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀, pé òun kò pé méjì. Ìwọ ní tìrẹ, “wọ́n” ni kí o máa pè wọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò kọ́ ọ.

Orí ìwé ni mo kọ èyí sí, kì í ṣe inú fóònù, nítorí bí mo bá gbé fóònù báyìí, kí n tó tẹ “Ọmọ mi” tán, ogójì èèyàn á ti sọ̀rọ̀ lé mi lórí. Ọ̀rọ̀ gúrúùpù tí o dá sílẹ̀ fún àwa aránṣọ ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Ọmọ mi, ó ti sú mi. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù fún ọ nìyẹn, kí o máa kó àwọn èèyàn tí kò mọra jọ sínú fóònù, kí o sì rí i pé wọn ò jà, wọn ò sùn, wọn ò sì lọ. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ ìjókòó lásán ni ọmọ mi ń ṣe. Mo tọrọ àforíjì. Kọ́là ọrùn aṣọ ọgọ́rùn-ún ni mo lè gé lójúmọ́ tí orí ò ní fọ́ mi tó báyìí.

O mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé tó wà lókè lọ́hùn-ún ní òun ń wá ẹni tó máa rán aṣọ ilé-ìwé fún irinwó ọmọ, pé òun kò fẹ́ gbé e fún ilé iṣẹ́ ńlá tó ń fi ẹ̀rọ rán gbogbo rẹ̀ láìwo ojú ọmọ. Ó ní bí àwa aránṣọ bá lè kóra jọ sójú kan kí òun máa wo iṣẹ́ wa fún oṣù méjì, tí ó bá tẹ́ òun lọ́rùn, òun á kó gbogbo rẹ̀ fún wa. Irinwó aṣọ! Iṣẹ́ tí àwa tí a wà ní ṣọ́ọ̀bù kéékèèké kò tíì rí rí. Ìyẹn lo fi dá gúrúùpù sílẹ̀, tí o fi mí ṣe ọ̀gá rẹ̀, tí a sì pé ọgọ́sàn-án ó lé mẹ́fà, tí o wá kọ ìmọ̀ràn sínú ìwé kan fún mi, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ dígí tí àwọn oníbàárà ń wò. Ìmọ̀ràn yẹn ni mo tẹ̀ lé o. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún ọ pé mi ò tẹ̀ lé e.

O ní kí n kí gbogbo ẹni tó bá wà níbẹ̀ káàbọ̀, kí ara lè tù wọ́n bí ẹni pé inú ilé ni wọ́n wà. Mo ń kí wọn. Láti aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ti ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ káàárọ̀ ẹni tó ní àwòrán ológbò, ẹ káàárọ̀ ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí méje-méje, ṣé ẹ jí ire, ṣé ilé dáa, ọmọ ńkọ́. Kí n tó kí wọn tán, aago mẹ́wàá ti lù, aṣọ oníbàárà ṣì wà lórí tábìlì bí mo ṣe fi í sílẹ̀ lánàá. Bí mo bá fẹ́ lọ wẹ̀, mo ń sọ fún wọn, nítorí èèyàn kì í dédé fi àlejò sílẹ̀ nínú pálọ̀. Bí mo bá ti wí i tán, tàbí tí mo bá ń lọ sọ́jà, mo máa ń ti gúrúùpù náà pa. O rántí pé ìwọ lo fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn mí, kí ẹnikẹ́ni má lè sọ̀rọ̀ àfi èmi. Ta ló ń fi ilé sílẹ̀ gbayawu pẹ̀lú ọgọ́sàn-án èèyàn nínú ẹ̀? Ìyẹn di ẹjọ́. Obìnrin kan wà tí a ń pè ní Bọ́tìnnì, nítorí pé kì í rán aṣọ kankan kó má fi bọ́tìnnì tí kò wúlò sí i. Ó dá mi dúró lójú títì, ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀ síìpù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni òun bá ilẹ̀kùn ní títì, tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá wà nínú balùwẹ̀. Mo ní irú síìpù wo ló wà láyé yìí tí kò lè dúró kí èèyàn fi omi ṣan ara? Ó ní síìpù tí oníbàárà dúró lé òun lórí fún ni. Mo bá ọ̀nà mi lọ, nítorí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ìyàwó, mi ò fẹ́ jà lójú títì.

Èyí tó wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni pé o kọ ọ́ sínú ìwé yẹn, pẹ̀lú ìlà nísàlẹ̀ rẹ̀, pé ìdákẹ́ ló ń pa gúrúùpù. Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mo bá mú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí kò dáhùn ẹ káàárọ̀ mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé. Wọ́n jẹ́ méjìléláàádóje! Ọmọ mi, ara mi gbóná. Ẹni méjìléláàádóje jókòó sínú ilé mi, mo ń kí wọn lójoojúmọ́, wọn ò dá mi lóhùn, fóònù sì ń fi hàn mí pé wọ́n rí i o, wọ́n rí i! Bí ìdákẹ́ bá ń pa gúrúùpù, àwọn wọ̀nyí ni apànìyàn. Ní ọjọ́ Tuesday, mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo fi bírò pupa fa ìlà sí wọn lórí, mo sì ń yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mi ò ṣojúsàájú. Ìwọ náà wà níbẹ̀, nítorí láti ọjọ́ tí o ti dá a sílẹ̀ o kò kí ẹnikẹ́ni. Bó o bá rí i pé wọ́n yọ ọ́, èmi ni. Mo yọ ọkọ mi náà, ẹni tí kì í ṣe aránṣọ rárá, tó kàn wọ ibẹ̀ kó lè máa gbọ́ ohùn mi láti òdìkejì títì. Ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà yẹn, ife tíì lọ́wọ́, fóònù rẹ̀ dún, ó wò ó, ó gbé ife kalẹ̀. Ó bi mí pé kí ni òun ṣe. Mo bi í pé ṣé ó ti dá mi lóhùn rí nínú gúrúùpù. Ó ní ṣé òun kì í dá mi lóhùn lórí bẹ́ẹ̀dì láràárọ̀ ni? Mo ní bẹ́ẹ̀dì kọ́ ni gúrúùpù. Ó wá rọra béèrè bóyá kí òun máa di ẹrù òun ni, àbí inú fóònù nìkan ni mo ti lé òun. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi da tíì sórí aṣọ tí mo ń rán lọ́wọ́, ọmọ mi, aṣọ funfun oníbàárà! Àfọ̀tún-fọ̀ ni mo fọ̀ ọ́.

Ọjọ́ Wednesday, gúrúùpù dára. A ṣẹ́ku mẹ́rìnléláàádọ́ta, gbogbo wa ń kíra wa bí ọmọ ìyá. Ọjọ́ Thursday, Bọ́tìnnì sáré dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní ṣé mo mọ ohun tí mo ṣe? Ó ní ọ̀gá ilé-ìwé pe òun lórí fóònù, ọ̀gá náà ní wọ́n lé òun jáde ní gúrúùpù àwọn aránṣọ láìṣẹ̀ láìrò, pé ó dà bí ẹni pé a kò fẹ́ iṣẹ́ náà mọ́, òun sì ti ń bá ilé iṣẹ́ ńlá sọ̀rọ̀.

Mo jókòó sílẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀! Òdòdó ló fi ṣe àwòrán, kò kọ orúkọ, nọ́ńbà lásán ni. Nígbà tó ní òun á máa wo iṣẹ́ wa, mo rò pé á máa wá sí ṣọ́ọ̀bù ni. Oṣù méjì ni mo fi ń gbálẹ̀ dè é, tí mo ń to òwú bó ṣe yẹ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé èèyàn lè jókòó sínú fóònù kó máa wo iṣẹ́ láìsọ̀rọ̀, kí ó sì jẹ́ pé òun gan-an ni àlejò pàtàkì. Ìwọ ò sì kọ ìyẹn sínú ìwé.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo gúrúùpù ti gbóná bí iná áyọ́ọ̀nù. Wọ́n ní kí n fi ipò sílẹ̀. Ẹni tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá ti pa iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, nítorí kò pa irọ́. Mẹ́fà nínú wọn ti yá ẹ̀rọ sílẹ̀ de iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ dá àwọn tí mo lé padà, fóònù gbà fún àwọn kan, ó kọ̀ fún àwọn kan, ó ní àfi kí àwọn fúnra wọn gbà. Mo sọ fún ọkọ mi pé bí mo bá ṣẹ èèyàn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sílé ẹni bẹ̀bẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé alùpùpù jáde, mo jókòó sẹ́yìn, mo dì í mú ní ìbàdí, inú mi bàjẹ́, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tí ǹ bá kọ́kọ́ ṣe.

Wọ́n ní ọ̀gá ilé-ìwé kò sí nílé títí di ọjọ́ kejì, a bá kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó kù. Obìnrin kan wà tó ń rán aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, yàrá kékeré kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n fún un, ibi tí òórùn ọṣẹ àti áyọ́ọ̀nù ti kún. Mo ti múra ìjà sílẹ̀. Ó dìde, ó fún mi ní àga kan ṣoṣo tó ní, ó wá fa ìwé kíkọ kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ. Ọmọ mi, gbogbo ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀ sínú gúrúùpù nípa bí wọ́n ṣe ń fi apá sí aṣọ tí kò fi ní fà ní èjìká, ó ti kọ wọ́n sílẹ̀ pátá, ó ya àwòrán sí i, ó kọ ọjọ́ tí mo sọ ọ́. Mo bi í pé kí ló dé tí kò dá mi lóhùn rí. Ó wò mí bí ẹni pé èmi ni mi ò mọ ìwà hù. Ó ní ṣé nígbà tí èmi bá ń sọ̀rọ̀ ni kí òun máa dá sí i? Ó ní ilé tí wọ́n ti tọ́ òun, bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀ wọ́n á ní kí òun panu mọ́ kí òun gbọ́. Mo ní kò lè dáhùn ẹ káàárọ̀ lásán? Ó ní òun ń dáhùn, òun ń wí i sókè nídìí ẹ̀rọ lójoojúmọ́, àwọn nọ́ọ̀sì sì lè jẹ́rìí.

Irú kí ni èyí! Bá a ṣe ń lọ láti ilé dé ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ irú rẹ̀. Ọkùnrin tó ń rán aṣọ àga mọ́tò ní òun kò mọ̀wé, ìyàwó òun ló ń kà á sí òun létí nígbà tí wọ́n bá ń jẹun alẹ́, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ mi. Òmíràn sọ ọ́ sí mi lójú pé ìkíni mi ti pọ̀ jù, pé bí òun bá fi máa dá gbogbo rẹ̀ lóhùn, oníbàárà òun á wọ aṣọ ọdún yìí lọ́dún tó ń bọ̀. Mo fẹ́ fèsì, ọkọ mi fi ìgúnpá tì mí jẹ́jẹ́. Mo ní ẹ ṣeun, ẹ jọ̀wọ́, ẹ padà wá.

Ní ọjọ́ Friday, a dé ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé. Ìwé àwọn ọmọ kún orí tábìlì débi pé iwájú orí rẹ̀ nìkan ni mo ń rí. Mo bẹ̀bẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé torí pé kò kí mi ni mo ṣe yọ ọ́. Ó sún ìwé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè wo ojú mi dáadáa. Ó ní irinwó ọmọ ló ń kí òun láràárọ̀, òun sì ń dá gbogbo wọn lóhùn, títí kan àwọn tó ń kí òun lẹ́ẹ̀mẹta kí òun má bàa rí i pé wọ́n pẹ́ dé. Ó ní bí òun bá délé, inú gúrúùpù wa nìkan ni òun ti ń jókòó tí ẹnikẹ́ni kò retí nǹkan kan lọ́wọ́ òun. Ó ní ọjọ́ tí Bọ́tìnnì gbé àwòrán kọ́là tó wọ́ síbẹ̀, tí èèyàn mọ́kànlá fi ibi tó ti ṣìnà hàn án tí ẹnì kan kò sì bú u, ọjọ́ yẹn gan-an ni òun ti pinnu pé àwa ni òun máa gbé iṣẹ́ fún. Ó wá ní ṣùgbọ́n òun ti fọwọ́ sí ìwé fún ilé iṣẹ́ ńlá ní Thursday, fún igba aṣọ. Igba tó ṣẹ́kù, òun á fún wa, bí aṣọ àkọ́kọ́ bá tẹ́ òun lọ́rùn, bí kò bá sì sí ẹni tó máa fi tipá gba ìkíni lẹ́nu òun mọ́, tí a kò sì ní ti ilẹ̀kùn mọ́ èèyàn nítorí pé ẹnì kan ń wẹ̀.

Igba aṣọ ti lọ, ọmọ mi, torí ẹ káàárọ̀. Mo kọ ọ́ sínú gúrúùpù gẹ́gẹ́ bó ṣe rí, mi ò fi nǹkan kan bò ó, pé èmi ni. Bọ́tìnnì ní òun kò ní gbàgbé rẹ̀ títí òun fi máa kú. Mo ní kó dáa, kó má gbàgbé, kó wá bá mi jẹ ọ̀gá, kó máa ṣọ́ ilé nígbà tí mo bá ń wẹ̀. Ó gbà kí n tó sọ ọ́ tán. Àṣé ohun tó ti ń wá látọjọ́ yìí nìyẹn!

Àwọn èèyàn ti padà, a kù díẹ̀ ká pé bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní àárọ̀ Monday, mo kí gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ káàárọ̀ o, mo sì da fóònù dojú bolẹ̀. Nígbà tí mo ṣí i wò, ẹni mẹ́sàn-án ló dáhùn, mẹ́tàlélọ́gọ́jọ ti rí i. Ọwọ́ ń yún mi. Má sọ pé kò bí mi nínú, ó ń bí mi nínú gan-an ni. Lọ́sàn-án, obìnrin ilé ìwòsàn yẹn gbé àwòrán síbẹ̀, kò kí ẹnikẹ́ni, kò sọ ọ̀rọ̀ kankan. Aṣọ ilé-ìwé àkọ́kọ́ ni, apá rẹ̀ jókòó sí èjìká bí ẹni pé èmi gan-an ni mo fi í sí i. Kò pẹ́, ẹni tó ní àwòrán òdòdó sọ̀rọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì. Ohun tó kọ ni pé, “Igba, bí èyí.” Ó tán. Kò sí ẹ káàsán, kò sí ẹ kú iṣẹ́. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ pé àwọn èèyàn ń kíra wọn níbí o, ọkọ mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó fi sápò, ó gbá mi mọ́ra níwájú ṣọ́ọ̀bù, lójú gbogbo èèyàn. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n mi ò ní kó fi mí sílẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún wa. Jọ̀wọ́ bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún òwú aláwọ̀ búlúù dúdú, èyí tó wà ní ọjà wa ń ṣí àwọ̀ bí wọ́n bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Fi ti dátà sí i, nítorí ohùn tí mo máa gbà sílẹ̀ nípa kọ́là á gùn. Mo ti ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún ọ láti padà sínú gúrúùpù, wọlé jẹ́jẹ́, jókòó síbi tó bá wù ọ́. Kò pọn dandan kí o dá mi lóhùn. Owó nìkan ni kó dáhùn.

Ọlọ́run á bá ọ ṣọ́ gbogbo èrò tó wà lábẹ́ ọwọ́ rẹ, wọn ò ní dìde sí ọ bí tèmi ṣe dìde sí mi. Wàá rí ẹni gidi fẹ́, ẹni tó máa sọdá títì wá bá ọ. Àwọn tó ń wò ọ́ tí wọn kò sọ̀rọ̀, ire ni wọ́n á máa rò sí ọ, ọjọ́ tí wọ́n bá sì la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó máa gbé ọ ga ni wọ́n á sọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
ìyàwó Bàbá Aláago